Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ sọ iṣẹ́ wa di ilé-iṣẹ́: báwo la ṣe máa pín in tí a ò ní jà?

Ọmọ Ìkàrẹ́, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Àwa mẹ́ta la jọ jáde ní FUT Minna. Yàrá kan la gbé ní Bosso, ìkòkò kan la sì fi ń se ìrẹsì. Lẹ́yìn tí a ṣe agùnbánirọ̀ tán, a forí lé Àbújá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkànnì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Kubwa, Dutse àti Bwari. Òbí á wọlé síbẹ̀ láti orí fóònù, á rí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, á san owó ilé-ẹ̀kọ́, á gba rìsíìtì. Ilé-ẹ̀kọ́ méje ló ti ń lò ó báyìí.

Ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Prof ló ń kọ kóòdù. Alààjì ló ń wá oníbàárà. Ó gbọ́ Hausa dáadáa, kò sì sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í fún un ní ìjókòó. Ó tún ń ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Èmi ni mo ń rí sí owó àti ìwé, èmi náà ni mo ń gbé ìpè nígbà tí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́, láti àárọ̀ títí di òru.

Ní báyìí, ẹnì kan tó ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ní Suleja fẹ́ kí a ṣe é fún òun. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kankan, àfi ti ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Bí a ṣe jókòó láti sọ̀rọ̀ CAC nìyẹn, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Prof ní òun lòun kọ gbogbo kóòdù, nítorí náà ìdajì ni tòun. Alààjì rẹ́rìn-ín, ó ní kóòdù tí kò bá rí ẹni rà á, inú láàpùtọ́ọ̀pù ni yóò kú sí. Èmi kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kọkànlá rèé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún kọ sí gúrúùpù WhatsApp wa ju "sáfà ti ń ṣiṣẹ́ padà" lọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wa wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ni wá kí iṣẹ́ tó dé. Mi ò fẹ́ pàdánù wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí, báwo la ṣe ń pín irú nǹkan báyìí? Ṣé ká pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba ni?

Ọmọ Ọ̀fà, Kaduna

Ẹ kú oríire o. Ilé-ẹ̀kọ́ méje kì í ṣe kékeré.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín rárá. Shola Akinlade àti Ezra Olubi tó dá Paystack sílẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yunifásítì Babcock ni wọ́n ti mọ ara wọn. Ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ náà ní iye tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Mẹ́ta nínú àwọn tó dá PiggyVest sílẹ̀ náà, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń fi owó pamọ́ lórí fóònù, Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà ni wọ́n ti jọ kàwé. Ẹni tí ẹ bá jọ fara da ìyanṣẹ́lódì ASUU, tí ẹ jọ pín gàrí nígbà tí owó ilé kò tíì dé, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Tèmi ni pé kí ẹ pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Aládùúgbò, Lugbe

Ọmọ Ọ̀fà, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí ọgbọọgba gan-an la pín tiwa.

Ní 2015, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dá ìkànnì ilé gbígbé sílẹ̀. Ẹni tó ń wá yàrá ní Lugbe, Karu tàbí Gwagwalada á rí ilé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó sanwó fún ejẹ́ǹtì mẹ́ta kó tó rí onílé. Ìdajì ni tèmi, ìdajì ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, òun ló ní owó nínú káàdì, òun ló sì ra dómèènì, ìyẹn orúkọ tí ènìyàn ń tẹ̀ kó tó dé orí ìkànnì. Ímeèlì tó ń lò nígbà náà, ti yunifásítì, ló fi forúkọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó tí a fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la jẹ súyà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó rí ààyè ẹ̀kọ́ ní Kánádà. Kò sí ìjà kankan. Èmi ni mo gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú, mo gbé àpò kan, ó gbé àpò kan, a dì mọ́ra.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òjò ń rọ̀, iná kò sí. Onílé kan láti Karu pè mí, ó ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ìkànnì yín kò ṣí?" Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ ni. Mo ṣí i lórí fóònù tèmi, ojú ewé funfun ni mo rí. Dómèènì ti kú. Gbogbo ìkìlọ̀ pé ká san owó ọdún náà, ímeèlì yunifásítì yẹn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, wọ́n sì ti ti ímeèlì náà pa láti ìgbà tó ti jáde. Mo pè é, òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbé e. Mo pe àwọn tí a ti ra dómèènì, wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn nìkan làwọn lè dá lóhùn. Mo ní èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mo ń sanwó òṣìṣẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù náà ní ohùn tútù. Ó ní, "Ọ̀gá, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n orúkọ yín kò sí níbí." Mi ò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn láéláé.

Ọjọ́ méjìlá ló gbà wá. Ọ̀rẹ́ mi jí ní òru, ó ya fọ́tò páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkànnì fi padà dé, àwọn onílé ti gbé ilé wọn lọ síbòmíràn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ẹnì kan tó fẹ́ fi owó sínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà. Ó béèrè àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Mo ní èmi ni ìdajì, ìdajì kejì wà ní Kánádà, kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ náà láti ọdún méjì. Ó ní ká lọ yanjú ìyẹn ná. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó jù ú sílẹ̀. Ó ní, "Èmi náà sunkún nínú rẹ̀, báwo ni mo ṣe lè jù ú sílẹ̀ lásán?" Òótọ́ ló sọ. Tèmi náà sì jẹ́ òótọ́. Ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ kò dúró.

A máa ń wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹ wò ó dáadáa: òwe náà kò sọ pé àwọn ọmọ náà jà. Ilé ló pe kálukú, wọ́n sì lọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ dè nìyẹn, ọjọ́ tí ilé yóò pe ẹnì kan nínú yín.

Nítorí náà, àbúrò, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìpín, ẹ mú bébà lálẹ́ òní. Ẹ kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ yín fi ń mí: dómèènì, sáfà, ibi tí kóòdù wà, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù tí OTP ń wọlé sí, àkáǹtì báǹkì, ojú-ewé Facebook. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Ìkàrẹ́, Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ọ́.

Dómèènì .com.ng wa, orúkọ Prof ni. Sáfà, káàdì mi ló ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, mi ò tilẹ̀ rántí mọ́. Kóòdù wà ní GitHub Prof, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń tọ́jú rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ló lè ṣí i. Àkáǹtì tí owó ń wọ̀, tèmi ni, BVN tèmi. Nọ́ńbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi ń pè wá, síìmù àbúrò Alààjì obìnrin ni, NIN rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń palẹ̀ ìgbéyàwó mọ́ láti lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Maiduguri. Ojú-ewé Facebook, ọmọkùnrin kan tó bá wa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní 2023 ló ṣí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Lọ́yà, Garki

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ gbé ìwé yín lọ bá lọ́yà tó máa jókòó tì yín. Ohun tí gbogbo ènìyàn lè lò ni mo máa sọ níbí.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi orúkọ òwò lásán forúkọ sílẹ̀ torí pé owó rẹ̀ kéré. Orúkọ òwò àti ẹ̀yin tí ẹ ni ín, ẹnì kan náà ni yín lójú òfin. Bí gbèsè bá dé, ó lè wọ yàrá yín. Ilé-iṣẹ́ tó ní Limited lẹ́yìn orúkọ, ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni: ó lè ni dómèènì, ó lè ni àkáǹtì, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Ó máa wà níbẹ̀ bí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tilẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, tí à ń pè ní CAMA, ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Iye ìpín tó kéré jù fún ilé-iṣẹ́ aládàáni jẹ́ 100,000 náírà, gbogbo ìpín náà ló sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín. Maitama ni olú ilé CAC wà, ṣùgbọ́n ẹ kò nílò láti wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti ṣe é. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí orúkọ tí ẹ yàn, 60 ọjọ́ ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ fún yín.

Ìkejì, lórí ọgbọọgba. Àwọn ìpinnu ńláńlá bí yíyí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà tàbí yíyí ìwé òfin rẹ̀ padà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ni òfin béèrè. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba, ẹni méjì tó fohùn ṣọ̀kan kò ní ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Kò tó. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè di gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, kí ẹ́ ṣáà mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìkẹta, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ipò dáírẹ́kítọ̀ yàtọ̀ sí ìpín. Ẹ lè dìbò yọ ènìyàn kúrò ní dáírẹ́kítọ̀, ìpín rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Aládùúgbò nìyẹn: ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ìpín kò lọ. Bí ẹnì kan bá sì kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló ni ìpín náà. Ẹ lè bá ara yín níbi ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ kò rí rí. Nítorí náà ẹ kọ ìwé àdéhùn láàárín ara yín, yàtọ̀ sí ti CAC: bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ, ta ló máa ra ìpín rẹ̀, iye wo, láàárín oṣù mélòó.

Ìkẹrin ni ti Prof. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó kọ kóòdù náà nígbà tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ nǹkan (copyright), tirẹ̀ ni títí tó fi máa fọwọ́ sí ìwé pé òun gbé e fún ilé-iṣẹ́. Ẹnu lásán kò tó, kíkọ ni. Bí ẹ bá lọ sí Suleja lọ ta á kó tó fọwọ́ sí i, ohun tí kì í ṣe tiyín lẹ ń tà.

Ìyá Oníṣirò, Gwarinpa

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó ní Àbújá yìí fún ọdún mọ́kànlélógún. Ìjà ìpín tí mo ti rí kò lóǹkà, ohun kan ló sì pọ̀ jù nínú wọn: wọ́n po iṣẹ́ àná mọ́ iṣẹ́ ọ̀la.

Iṣẹ́ tí Prof ti ṣe, iṣẹ́ àná ni. Ó ní iye. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò oṣù tó fi kọ ọ́, ẹ fi owó tí ẹlòmíràn ìbá gbà ṣe òdiwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ ẹ́. Kó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tó ń wọlé títí yóò fi pé. Gbèsè ní òpin. Ìpín kò ní òpin. Bí ẹ bá fi ìpín san iṣẹ́ àná, ẹ ó máa san án títí ayé, yálà ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìpín wà fún iṣẹ́ ọ̀la, ṣíṣe la sì fi ń jẹ ẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní òkè òkun máa ń fi ọdún mẹ́rin sí i, tí ẹni tó bá lọ kó tó pé ọdún kan kì í mú nǹkan kan dání. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìpín ẹnì kan jẹ́ 30,000. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù 18 nínú 48, ó wá rí iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. 11,250 ló ti jẹ, tirẹ̀ ni títí láé, kò sí ẹni tó lè gbà á. 18,750 tó kù yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tó dúró, ní iye kékeré tí ẹ ti jọ fọwọ́ sí. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ẹkún, kò sí pípe ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ó wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan ẹni tó bá gba èyí tó pọ̀ jù.

Ìyá mi ń dá àjọ ní Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni alájọ, wọ́n jọ ń lọ sí òde, aṣọ kan náà ni wọ́n ń rà. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí alájọ gba owó tí kò fa ìlà sí káàdì, lójú ìyá mi. Mo bi í léèrè nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé ṣé kò fọkàn tán an ni. Ó ní torí pé òun fẹ́ máa fọkàn tán an lọ ni.

Owó báǹkì: ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó pín èrè, ẹ yọ owó epo, owó sáfà, owó orí àti owó oṣù ti ara yín.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi ìwọ fúnra rẹ. Prof sọ ohun tó fẹ́. Alààjì sọ tirẹ̀. Ìwọ dákẹ́ níbẹ̀, o sì tún kọ gbogbo èyí láìsọ ohun tí o fẹ́. Ìwọ lò ń gbé ìpè láti àárọ̀ títí di òru. Kí lo fẹ́, ọmọ mi?

Ọmọ Sábó, Kano

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo rò pé ìwé yìí ti ń pọ̀ jù. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn jọ ta aṣọ ní Sabon Gari níbí fún ogójì ọdún. Kò sí àdéhùn, kò sí lọ́yà. Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀rẹ́ wọn ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi títí mo fi jáde ní BUK. Ìwé máa ń gbé ìfura wọ àárín ọ̀rẹ́.

Aládùúgbò, Lugbe

Ọlọ́run á tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú kan. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjèèjì. Bí ìdì aṣọ bá dín kù lórí pẹpẹ, ojú á rí i. Gbogbo Sábó ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, Sábó ni ìwé wọn. Tiwa kò ṣe é fojú rí. Ìkànnì kò ní pẹpẹ, aládùúgbò kò lè jẹ́rìí sí i, ẹni tó bá ní pásíwọ́ọ̀dù nìkan ni ilẹ̀kùn mọ̀.

Ọmọ Sábó, Kano

Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Nyanya

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Alààjì, nítorí mo rí i pé gbogbo yín ti fò ó.

Òfin ìwà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú Ìwé Òfin 1999 fúnra rẹ̀, ní àfikún karùn-ún. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú dídarí òwò aládàáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Níní ìpín lọ́tọ̀, ìdarí lọ́tọ̀. Nítorí náà ẹ má fi í ṣe dáírẹ́kítọ̀, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé báǹkì. Kó sì má máa kúrò ní ọ́fíìsì ní aago mọ́kànlá lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Mo mọ ẹni tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Ọdún méjì ló fi ń lọ jẹ́jọ́ ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé orúkọ ìyàwó rẹ̀ lẹ ó lò láti fi bò ó. CAC ń béèrè ẹni tó ni ìpín ní tòótọ́, bẹ̀rẹ̀ láti márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ènìyàn ló sì lè wò ó. Kó yan ọ̀kan: kó ní ìpín kékeré kó sì jókòó jẹ́ẹ́, tàbí kó fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó tiyín bá tó ó jẹ.

Bí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé òun á bá yín gba iṣẹ́ ìjọba, ẹ rántí pé wọ́n máa béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ti PenCom tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ti ITF tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti NSITF tó ń rí sí ìbánigbófò òṣìṣẹ́, àti ti BPP tó ń rí sí bí ìjọba ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yín ń sanwó ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ dì wọ́n mú.

Lọ́yà, Garki

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lórí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ìyá Ìbejì, Jos

Olùkọ́ ni mí. Orúkọ àwọn ọmọ wa, èsì wọn, nọ́ńbà àwọn òbí, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ti wà, ọmọdé sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá já wọlé, tó sì lè pa àwọn ọmọ àti òbí wọn lára, ẹ ní láti sọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè sọ fún àjọ tó ń mójú tó òfin náà láàárín wákàtí 72. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa sọ fún wọn bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni? Ẹ fi ìyẹn náà sínú ìwé yín.

Ọmọ Ìkàrẹ́, Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, ó yẹ kí n jábọ̀ fún yín.

Ìbéèrè Ìyá Oníṣirò kò jẹ́ kí n sinmi. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo pe àwọn méjèèjì sí ọ̀dọ̀ màìṣáyì kan nítòsí ilé wa. A gba ṣáyì, búrẹ́dì àti ẹyin. Mo ṣí ìwé tí mo kọ gbogbo nǹkan sí, mo tì í sí àárín tábìlì. Prof kà á láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà fóònù, ó wo Alààjì, Alààjì bo ojú.

Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ ìpín tó dọ́gba pẹ̀lú ti Prof. Mo ní láti aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹlòmíràn máa gbé ìpè. Ohùn mi ń gbọ̀n, mo sì sọ ọ́ tán.

Prof pa ṣáyì rẹ̀ tì. Ó ní kì í ṣe ìdajì lòun ń lé. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun pé bí owó bá dé, a máa wá ẹni tó ń kọ kóòdù ní owó pọ́ọ́kú, a máa ní kí òun máa lọ. Ọdún méje la ti mọ ara wa, mi ò gbọ́ ọ rí.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Èmi 40 nínú 100, Prof 40, Alààjì 20. Ọdún mẹ́rin la fi máa jẹ ẹ́, fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alààjì kì í ṣe dáírẹ́kítọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun kò tíì lè fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ torí owó ilé-ìwòsàn ìyá òun. Ó ti fi ẹni tí yóò máa bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ hàn wá, agùnbánirọ̀ kan tó gbọ́ Hausa àti Gbagyi. Iṣẹ́ àná Prof, a ṣírò rẹ̀ sí 900,000 náírà, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó bá ń wọlé ló máa fi san ara rẹ̀ títí yóò fi pé. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé kóòdù di ti ilé-iṣẹ́. Ìṣẹ́gun tó kọjá ni CAC fún wa ní ìwé wa. Dómèènì ti wà lórúkọ ilé-iṣẹ́, a ti ra síìmù tuntun, a sì ti kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ méjèèje pé nọ́ńbà yí padà kí àbúrò Alààjì tó lọ. Ẹni tó wà ní Suleja san ìdajì owó lánàá. Ní gúrúùpù WhatsApp, Prof fi àwòrán ìkòkò wa ti Bosso ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì wà, ó ń fi se ẹ̀wà.

Ojú-ewé Facebook nìkan ló kù. Ọmọkùnrin tó ṣí i kò gbé ìpè, ẹni tó mọ ibi tó ń gbé ní Mararaba ló ní òun á bá wa débẹ̀ ní Sátidé. Bí ẹnikẹ́ni níbí bá ti gba irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ padà rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín?